Àpáàdì Tí Mo Kọ Orúkọ Àwọn Ìyá Wa Sí

Ilé Bàbá Ìbejì,
Ìgbó-Ọrà.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìgbà ọyẹ́, 1971.

Ìdòwú Àjíkẹ́, ọmọ mi,

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Òní ni mo ṣí i. Má bínú sí mi. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi há a sínú Bíbélì, tí mò ń gbé Bíbélì náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí mò ń gbé e bọ̀, tí mi ò jẹ́ kí ọwọ́ mi débi tí ìwé náà wà.

Ìyá rẹ ló tú mi fó. Ó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ yìí, ó wò mí títí, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ sàba lé ìwé ọmọ bí adìyẹ. Ṣé ẹ fẹ́ kó pamọ ni?” Mo ní kó gbájú mọ́ ẹ̀gúsí rẹ̀. Ó ní òun gbájú mọ́ ọn, òun kọ́ lọmọ kọ̀wé sí tí òun ń sá kiri. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí torí pé òótọ́ ni. Mo gbé àga lọ sábẹ́ igi ọ̀dán iwájú ilé, mo sì fi abẹ ìfárùngbọ̀n la etí ìwé náà.

Mo kà á pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́. Mo kà á pé lẹ́yìn ọdún tuntun lẹ ó lọ pàgọ́ sétí odò lọ́hùn-ún. Mo wá débi tí o ti kọ ọ́ pé o ṣì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, pé o ṣì ń gbàdúrà kí o tó kúrò lórí ẹní láàárọ̀, àti pé iṣẹ́ yìí kò gba Ọlọ́run lọ́wọ́ rẹ. Mo mí kanlẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo ti mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ìyá rẹ gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó pariwo pé, “Ṣé ire ni?” Mo ní ire ni. Ó da ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí mi, ó ní kí n kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á fún un.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, o béèrè ohun kan: “Bàbá, ṣé mo lè wá sílé kí n tó lọ?” Mo rí ìbéèrè náà. Ìkẹyìn ni n ó dá a lóhùn, torí àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀.

O mọ ohun tó fà á tí mo fi ń sá fún ìwé rẹ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́, torí mi ò tíì jẹ́wọ́ rẹ̀ rí. Kérésìmesì ọdún náà lọ́hùn-ún, o ti yunifásítì dé fún ìsinmi. Mò ń kọ́ kíláàsì Bíbélì àwọn àgbà nípa Nóà. Mo sọ fún wọn pé wọ́n ti rí igi ọkọ̀ Nóà lórí òkè, pé òyìnbó kan gé díẹ̀ níbẹ̀, pé igi náà kò tíì jẹrà. Gbogbo ilé ń mi orí. Ìwọ bá nawọ́ láti ẹ̀yìn. O tilẹ̀ kúnlẹ̀ kí o tó sọ̀rọ̀. O ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ta ló rí i? Ibo ni wọ́n kó igi náà sí?”

Mi ò mọ̀. Ẹnu tíṣà kan ní Èrúwà ni mo ti gbọ́ ọ, òun náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò kan nínú bọ́lẹ́kájà. Ká ní mo sọ pé mi ò mọ̀, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ojú tì mí, mo ní kí o jáde. Nígbà tí a délé, mo ní ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wíwà ti sọ ọ́ di kèfèrí, pé kí o má tẹ ilé mi mọ́ àfi tí o bá yan ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìyá rẹ bẹ̀ mí, mi ò gbà. O di ẹrù rẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kérésìmesì méjì ti kọjá láti ìgbà náà, èyí tó ń bọ̀ yìí ló ṣe ìkẹta. Táyé àti Kẹ́hìndé ń wá, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń lọ, àga tìrẹ wà lófìfo. Ohun tí mo rò pé ó wà nínú ìwé rẹ ni pé o ti fi Ọlọ́run sílẹ̀, àti pé èmi ni mo lé ọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní báyìí tí kò rí bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí n ṣe bàbá díẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé kì í mọ bí wọ́n ṣe ń fúnni nímọ̀ràn láìkà á ní ení, èjì. Ìdòwú sì ni ọ́, o tẹ̀lé ìbejì wá sáyé, mo mọ̀ pé ìdajì lo máa gbọ́. Gbọ́ ìdajì tó dára.

Èkíní: má fọ́ ohun tí o kò tíì bi ẹnìkan léèrè nípa rẹ̀.

Mi ò sọ èyí fún ọ rí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìrìbọmi, ara mi ń gbóná ju ti àlùfáà lọ. Ní ilé bàbá mi ní Ìdèrè, ìkòkò mẹ́sàn-án wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n tò wọ́n ti ògiri. Kò sẹ́ni tó ń dáná nínú wọn. Tí wọ́n bá gbé ìyàwó tuntun wọlé, àwọn obìnrin ilé á pọn omi wá, wọ́n á bu díẹ̀ sínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa pe orúkọ: “Àṣàbí, omi rẹ rèé. Àwẹ̀ró, omi rẹ rèé.” Mo gbọ́ èyí, mo ní ìbọ̀rìṣà paraku ni. Lọ́jọ́ tí gbogbo ilé lọ sóko, mo mú igi odó, mo fọ́ ìkòkò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Mo tilẹ̀ kọ orin nígbà tí mò ń fọ́ wọn.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ dé. Ó sọ igi ìdáná kalẹ̀. Kò pariwo, kò sì bú mi. Ó ní, “Àkànní, òrìṣà wo lo fọ́?” Mo ní mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní, “Kò lórúkọ, torí kì í ṣe òrìṣà. Obìnrin tó bá wọlé ọkọ níbí, ìkòkò tí ìyá rẹ̀ mọ fún un ló ń rù wá. A ò kọ̀wé, ìkòkò yẹn la fi ń ka àwọn ìyàwó ilé yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Orúkọ wọn là ń pè, ká má baà gbàgbé. Ṣé ẹ kì í pe orúkọ Ábúráhámù àti Ísáákì ní ṣọ́ọ̀ṣì tiyín ni?”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wá inú àpáàdì, ó mú ẹyọ kan, ó fi ìdí aṣọ nù ún. Ó ní, “Èyí ni tèmi. Orí ni mo fi rù ú láti Ìgangan.” Mo ti fọ́ ìkòkò ìyá mi pẹ̀lú. Ó mú àpáàdì náà wọlé, ó fi í sínú àpótí aṣọ rẹ̀, kò sì mẹ́nu bà á mọ́ títí tó fi kú. Èmi náà kò bi í léèrè àwọn orúkọ yòókù. Ojú ń tì mí, mò ń sọ pé ó di ọ̀la, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀la ń lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ọ pé kí o béèrè. Mo kà á pé òkúta tí wọ́n kọ orúkọ Pílátù sí, tí wọ́n rí ní Kesaríà, ńṣe ni wọ́n ti sọ ọ́ di àtẹ̀gùn, tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó kéré tán, àwọn yẹn kò fi igi odó fọ́ ọ.

Èkejì: má purọ́ gbe Ọlọ́run.

Ibo ni mo ti ka ti Pílátù? Máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí o lọ, o fi páálí ìwé kan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé e jáde láti wá májèlé inú rẹ̀. Mo jókòó tì í tèmi ti gíláàsì ojú mi àti ìwé atúmọ̀ èdè, mò ń fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ibi tó bá bí mi nínú. Ìlà ò pọ̀. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni Bẹliṣásárì. Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé kò sí irú ọba bẹ́ẹ̀, pé ọba mìíràn ló jẹ kẹ́yìn ní Bábílónì? Wọ́n wá wú wàláà amọ̀ jáde nínú ilẹ̀, orúkọ Bẹliṣásárì wà lára rẹ̀: ọmọ ọba ni, bàbá rẹ̀ rìnrìn àjò, ó sì fi ìjọba sílẹ̀ fún un. Mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìwé Dáníẹ́lì fún ogún ọdún ó lé. Mi ò bi ara mi rí pé kí ló dé tí Bẹliṣásárì fi ṣèlérí ipò kẹta fún Dáníẹ́lì, tí kì í ṣe ipò kejì. Bàbá lẹni kìíní, òun fúnra rẹ̀ ni ẹnì kejì! Mo dìde lórí àga, mo pe ìyá rẹ, mo ṣàlàyé fún un. Ó ní ó dára, kí n wá jẹun.

Ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn nítorí igi ọkọ̀ Nóà. Òtítọ́ tó pọ̀ tó báyìí wà nínú ilẹ̀, èmi wá lọ ń gbé irọ́ inú bọ́lẹ́kájà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Ìbéèrè rẹ ló lé tèmi bá, ọ̀nà tí mo sì rí láti dá a lóhùn ni pé mo lé ọmọ jáde. Àjíkẹ́, mo jẹ̀bi. Dárí jì mí.

Ẹ̀kẹta: tí òkúta bá ń sọ̀rọ̀, gbọ́ ohun tí kò sọ pẹ̀lú. Ọba kì í kọ ìtìjú ara rẹ̀ sára òkúta. Senakéríbù ọba Ásíríà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun há Hesekáyà mọ́ Jerúsálẹ́mù bí ẹyẹ inú àgò. Ó ka àwọn ìlú tó kó, ó ka ìṣákọ́lẹ̀ tó gbà. Ṣùgbọ́n wá ibi tó ti sọ pé òun wọ Jerúsálẹ́mù, o ò ní rí i. Ó ka gbogbo iṣu oko rẹ̀ tán, ó fo èyí tó jóná. Bíbélì sì ti sọ fún wa pé kò wọ ìlú náà. Nítorí náà, má gba ìfọ́nnu gbọ́ nítorí pé ó wà lára òkúta. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o ṣe tí ọkùnrin kan bá wá bá ọ létí odò yẹn, tó ń ka ilé tó kọ́ àti ìwé tó kà. Ìyá rẹ ló ní kí n fi ìyẹn kún un. Ó ní kí n sọ pẹ̀lú pé òun kò sọ pé kí ọkùnrin má wá o.

Má fojú di àwọn tó ń di ọkọ́ mú. Ìwọ ní ìwé, àwọn ní ilẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ tí mò ń kọ́ ilé-ìwé ní Ayétè, mo lé ìyá arúgbó kan dànù tó wá sọ fún mi pé ibi tí a fẹ́ gbẹ́ kànga sí, òkúta ni yóò bá wa pàdé. Mo ní kí ló mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi gbẹ́ ẹ, òkúta sì ni. Ìyá mi náà kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bó bá mú àpáàdì lóko, ó máa fi àtàǹpàkò nù ún, ó máa ní, “Ará Ìgangan ló mọ èyí. Eléyìí, wọ́n rà á ni.” Ìwé kíkà nìyẹn, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n. O sọ nínú ìwé rẹ pé lẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ, lébìrà kan fẹ́ da àpáàdì tí kò ní iṣẹ́ ọnà lára nù, o ní kó dúró, torí o rántí bí ìyá àgbà rẹ ṣe máa ń nù wọ́n. Mi ò mọ̀ pé o ń wò ó nígbà yẹn. Inú mi dùn gidigidi pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi.

Ọ̀kan wà tó yẹ kí n fi ṣe èkíní. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí o máa wa ilẹ̀ wá ohun tí Bíbélì sọ, tàbí ohun tí bàbá rẹ sọ, tí o ò ní rí i. Sọ pé o ò rí i. Àìrí kì í ṣe àìsí, ṣùgbọ́n má sọ àìrí di rírí. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé tí ẹnìkan bá yọ òkúta kan kúrò, ìgbàgbọ́ mi á wó. Ní ọdún méjì tí mo fi ka ìwé inú páálí rẹ, mo bá ibi tí àwọn awalẹ̀ ti ń jiyàn, mo bá ibi tí wọn ò ti tíì mọ̀, síbẹ̀ mò ń jí láàárọ̀, mò ń gbàdúrà, Ọlọ́run sì wà níbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ ju ti ìgbà tí mò ń fi igi Nóà ti í lẹ́yìn lọ.

Máa dé fìlà oòrùn. Se omi kí o tó mu ún. Má jókòó sínú kòtò tí òjò bá ti rin ín, mo ti rí kànga tó ya. Jẹun láàárọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àpáàdì.

Nígbà tí ìyá mi kú, àpótí aṣọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, mi ò sì ṣí i. Ìwé inú páálí rẹ ló jẹ́ kí n ṣí i. Mo ka ti Lákíṣì. Jeremáyà sọ pé nígbà tí Bábílónì ń bá Júdà jagun, Lákíṣì àti Ásékà wà lára ìlú olódi tó ṣẹ́ kù. Wọ́n wá wa ilẹ̀ Lákíṣì, wọ́n rí lẹ́tà lẹ́nubodè tó jóná. Ara àpáàdì ni wọ́n kọ lẹ́tà náà sí, pẹ̀lú tàdáwà. Ọmọ ogun kan ló ń kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé àwọn ń wo iná àmì Lákíṣì, torí àwọn ò rí ti Ásékà mọ́. Ìlú jó, ògiri wó, ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ṣì wà. Àwọn àgbà wa ní àpáàdì ló tó ko iná lójú. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ìlú inú Bíbélì ló máa jẹ́rìí sí i.

Mo pa ìwé dé, mo lọ ṣí àpótí. Àpáàdì ìyá mi wà níbẹ̀, ó fi ìró dì í. Ní ọjọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdèrè, mo lọ bá àbúrò bàbá mi obìnrin, òun nìkan ló ṣẹ́ kù nínú àwọn tó mọ ìkòkò mẹ́sàn-án náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka àwọn ìyàwó ilé fún mi.” Ó ní, “Ìwọ tí o fọ́ wọn?” Mo ní èmi ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀: Àṣàbí. Àwẹ̀ró. Ọ̀ṣúntọ́lá. Àbẹ̀ní. Ó rò ó títí, ó ní Àjíkẹ́, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá mi ti mú oríkì tó sọ ọ́. Mo fi orúkọ ìyá mi, Àníkẹ́, kún un. Mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án. Mẹ́ta ti lọ, èmi ni mo sì fọ́ wọn. Mo fi tàdáwà kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú àpáàdì náà, níbi tó dán.

Ó tún ku ohun kan tí mo kà. Nínú ihò omi tí Hesekáyà gbẹ́ sábẹ́ Jerúsálẹ́mù, ìkọ̀wé kan wà lára òkúta. Wọn ò kọ orúkọ ọba sí i. Àwọn tó gbẹ́ ẹ ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wọn síbẹ̀: apá méjì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ bọ̀ wá pàdé ara wọn nínú òkùnkùn, ó ku díẹ̀ kí òkúta lu, ni ẹnìkan gbọ́ ohùn ẹnì kejì rẹ̀ tó ń pè é. Ìgbà tí mo ka ìwé rẹ lónìí, mo gbọ́ ohùn rẹ.

O béèrè pé ṣé o lè wá sílé. Mi ò ní fi àpáàdì náà ránṣẹ́ sí ọ, àwọn onífìwéránṣẹ́ máa fọ́ ọ, ó sì tó gẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Orí tábìlì mi ló wà. Mo fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ orúkọ ìyá mi. Wá fọwọ́ ara rẹ kọ tìrẹ síbẹ̀. Ìyá rẹ ti ń kó ẹ̀gúsí rẹ̀ kúrò ní yàrá rẹ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí.

Ọjọ́ Ìsinmi tí o bá bá wa níbí, ìwọ lo máa kọ́ kíláàsì Bíbélì. Kọ́kọ́ sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó rí igi ọkọ̀ Nóà. Sọ pé èmi ni mo ní kí o sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ́ wọn ní ohun tó wù ọ́. Ẹ̀yìn ni n ó jókòó sí, níbi tí o jókòó sí lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, tí mo bá sì ní ìbéèrè, n ó nawọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkànní, ọmọ Àníkẹ́.